Omi Ìwẹ̀ Ìyá Ìyàwó Káfíńtà

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, báfù ló sì ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Aránṣọ kan ló gbé báfù náà lérí, ó fi ọwọ́ kan wọ́ àpótí aṣọ rẹ̀ nílẹ̀. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-dà-á-nù, ń sáré tẹ̀ lé e. Ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ẹni tí kò mọ ọmọ pọ̀n.

"Rọra o! Rọra! Ó ti ya nídìí!"

Kábíyèsí wo báfù, wọ́n wo àpótí.

"Èwo lẹ bá wá nínú méjèèjì?"

"Méjèèjì ni, Kábíyèsí," ni aránṣọ wí. "Báfù ni ẹjọ́, àpótí ni ìdájọ́. Bí ọkọ mi ò bá yí padà lónìí, ibí yìí ni mo ti ń bá tèmi lọ."

"Kí ló ṣe fún ọ?"

"Kábíyèsí, omi kì í sinmi nílé wa. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀, inú báfù yìí ló gbọ́dọ̀ dúró sí. Omi ìwẹ̀ la fi ń fọ aṣọ. Omi aṣọ la fi ń fọ ilẹ̀. Omi ilẹ̀ la fi ń ṣan ilé ìgbẹ́."

"Èwo ló wá burú níbẹ̀?" ni àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ bi í.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n dé ibi tó burú. Ọṣẹ tó bá kù bí èékánná, ọkọ mi á lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíì. Ọṣẹ ilé wa ti ní àwọ̀ ju ẹyẹ ọ̀kín lọ. Ìṣáná, abẹ ìfági ló fi ń là á sí méjì. Ṣòkòtò abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Àjákù aṣọ àwọn oníbàárà mi ló ní kí n máa fi rán an. Ọjọ́ tí mo sá a sórí okùn, oníbàárà mi kan dúró sábẹ́ rẹ̀, ó ń nàka: 'Ẹ gbà mí! Búláòsì mi rèé! Kọ́tínì pálọ̀ mi nìyí ní ìdí òsì!'"

Ààfin rọ́ sẹ́rìn-ín. Káfíńtà ò rẹ́rìn-ín.

"Kábíyèsí, ẹ bi í bóyá ṣòkòtò náà ti ya."

"Kò tíì ya," ni ìyàwó wí, "gbogbo ìyẹn ni mo sì fara dà. Ṣùgbọ́n ìyá mi wá kí wa. Wọ́n wẹ̀. Àlejò ni wọ́n, wọn ò mọ òfin ilé. Wọ́n gbé omi ìwẹ̀ wọn, wọ́n dà á sí gọ́tà."

Káfíńtà ká ọwọ́ lérí. "Gbogbo ẹ̀ o! Tìfófòó-tìfófòó!"

"Ọkọ mi gbọ́ ìró omi, ó já dé. Ẹ bi í ní ohun tó sọ fún ìyá mi, Kábíyèsí."

"Kí lo sọ?"

Káfíńtà tún ṣòkòtò rẹ̀ fà sókè. "Mo kí wọn ni. Mo ní, 'Ìyá, ẹ kú ìwẹ̀.'"

"Lẹ́yìn 'ẹ kú ìwẹ̀' ńkọ́?"

"Mo ní… kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n padà lọ tún un wẹ̀."

Ariwo sọ. Àgbà ìgbìmọ̀ na ọ̀pá sí i. "Ìyá ìyàwó rẹ? Ṣé ojú ò tì ọ́ ni?"

"Bàbá, aṣọ ti wà nílẹ̀! Aṣọ ń retí omi! Ṣé omi tó mọ́ lóló ni kí n wá fi fọ aṣọ tó dọ̀tí? Ta ló ń fi aṣọ tuntun nu ilẹ̀?"

"O ò tiẹ̀ bọ̀wọ̀ fún àna rẹ!"

"Mo bọ̀wọ̀! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n tó sọ ọ́. Orí ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń ti báfù sọ́dọ̀ wọn."

Ohùn aránṣọ rẹlẹ̀. "Kábíyèsí, ìyá mi wọ yàrá. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n lọ. Ìyá tó bí mi lọ́mọ. Bí ọkọ mi ò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín èèyàn àti ẹ̀rọ omi, mi ò lè bá a gbé mọ́."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Kábíyèsí ní kí ẹlẹ́rìí bọ́ síta. Onígbàjámọ̀ kan, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàárín òun àti tọkọtaya náà, ló bọ́ síta. Ìyàwó ló pè é.

"Ṣé o mọ báfù yìí?"

"Mi ò rí i rí láyé mi."

"Háà, bọ̀dá!" ni aránṣọ pariwo.

"Àǹtí, òtítọ́ ni mò ń sọ. Báfù tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú dí abẹ́ ẹ̀ níbi méjì? Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

Kábíyèsí ní kí wọ́n dojú báfù dé. Ọ̀dà dúdú wà lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, níbi méjì géérégé.

"Báwo lo ṣe mọ abẹ́ ohun tí o ò rí rí?"

"Kábíyèsí… ó lè jẹ́ pé mo ti gbé e rí. Lẹ́ẹ̀kan."

"Lẹ́ẹ̀kan?" Káfíńtà fò dìde. "Ta ló ń wá bu omi aṣọ lọ́dọ̀ mi láràárọ̀ láti fi fọ táwẹ́ẹ̀lì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀?"

Àgbà ìgbìmọ̀ rọra fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yìí. "Táwẹ́ẹ̀lì wo? Èyí tí o fi nù mí lójú?"

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Omi kejì ni, kò tíì di ẹ̀kẹta."

"Ìwọ yìí, ẹlẹ́rìí ta tiẹ̀ ni ọ́?" ni Kábíyèsí bi í.

"Kábíyèsí, nígbà tí mo kúrò nílé, ẹlẹ́rìí ìyàwó ni mí."

Wọ́n lé e jókòó. Ibẹ̀ la wà tí ìyá ìyàwó fi wọlé, ìyá arúgbó kan tó nà tantan bí òpó. Kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kejì, káfíńtà ti wà nílẹ̀.

"Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́," ni Kábíyèsí wí. "A ti gbọ́ ohun tí ojú yín rí. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe dùn yín tó."

"Ó dùn mí wọra, Kábíyèsí. Ọkùnrin tí ọmọ mi fẹ́ yìí, àpà ni."

Kábíyèsí tẹ̀ síwájú lórí ìtẹ́.

"Kí lẹ pè é?"

"Àpà! Onínàákúnàá! Mo dé ilé wọn, mo rí i pẹ̀lú ojú mi, ó ń da èèpo ọ̀dùnkún nù! Ó ń la ìṣáná sí méjì, ó ń fọ́nnu kiri. Mẹ́rin ni èmi ń là á!"

Káfíńtà gbórí sókè nílẹ̀. "Mẹ́rin? Kí lẹ fi ń là á, Ìyá?"

"Eyín."

Orí káfíńtà padà sílẹ̀.

"Omi ìwẹ̀ tí ẹ dà sí gọ́tà wá ńkọ́?" ni Kábíyèsí bèèrè.

"Gọ́tà kẹ̀! Ìdí tòmátì tó wà lẹ́bàá gọ́tà ni mo dà á sí. Omi ti bọ́ tòmátì, tòmátì máa bọ́ èèyàn. Àfi bí ọkùnrin yìí ṣe wá ní kí n tún un wẹ̀. Omi mìíràn! Fún ara tó ti mọ́! Kábíyèsí, mo ní bí mo bá sun ilé yìí di ọ̀la, wọ́n máa ba ìwà mi jẹ́. Ni mo bá di ẹrù mi."

"Ìyá!" Omijé ayọ̀ lé ròrò sójú káfíńtà. "Ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa! Ẹ wá kọ́ mi!"

"Kọ́kọ́ dín ariwo kù. Ò ń fi èémí ṣòfò."

Aránṣọ jókòó lórí àpótí rẹ̀ gbì. "Mo gbé. Wọ́n ti di méjì." Ó tún dìde. "Kábíyèsí, ẹjọ́ ìyá mi ni mo gbé wá, ìyá mi ti fi mí sílẹ̀ sójú agbo. Ẹ wá gbọ́ tèmi. Mi ò ní kí ọkọ mi di àpà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ látàárọ̀, tí ẹ̀yìn ń ro mí, mo fẹ́ wẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ kó máa bi mí pé, 'Ṣé ó ti kún?' Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ló fẹ́, àbí omi ara mi."

Káfíńtà na ọwọ́, ó gbá báfù mọ́ra.

"Ẹ jẹ́ ká fọ́ báfù yìí, ká máa lọ," ni àgbà ìgbìmọ̀ wí.

"Ẹ má fọ́ ọ o!" Ẹnu mẹ́ta ló jọ pariwo: káfíńtà, ìyá ìyàwó, àti ẹlẹ́rìí tí kò rí báfù rí.

Kábíyèsí gbé ọwọ́ sókè. "Káfíńtà, gbọ́ ìdájọ́ rẹ. Lọ sídìí kànga, kí o pọn omi kún garawa kan. Omi tó mọ́, tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò. Gbé e wá síwájú ìyàwó rẹ, kí o dà á nù sílẹ̀ lásán. Kò ní sí báfù lábẹ́, kò ní sí tòmátì nítòsí. Bí o bá lè dà á, ìyàwó rẹ yóò bá ọ relé, ìwẹ̀ rẹ̀ sì di tirẹ̀ títí ayé. Bí o ò bá lè dà á, kó máa gbé àpótí rẹ̀ lọ."

"Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi! Ẹ kúkú jù mí sẹ́wọ̀n!"

"Omi!"

Ó pọn omi dé. Ó tẹ garawa sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ẹ̀kán omi kan bọ́ sílẹ̀: tó.

"Ṣé ó tó, Kábíyèsí?"

"Kò tó."

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fi bọ́jú."

"Rárá."

"Kí n ti ìka kan péré bọ̀ ọ́?"

"Aránṣọ, gbé àpótí rẹ."

Aránṣọ gbé e. Ó ń lọ, kò wẹ̀yìn. Káfíńtà wo omi, ó wo ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀. Ẹsẹ̀ obìnrin náà ti kan ìloro. Ọkùnrin náà di ojú, ó ké bí ẹni tí ayùn gé lọ́wọ́, ó sì dojú garawa dé pátápátá. Wàààà!

Ìyá ìyàwó já ìborùn wọn. "Ẹ jẹ́ n fi fà á! Ẹ jẹ́ n fi fà á!"

"Ìyá, bí ìborùn yẹn bá kan ilẹ̀," ni Kábíyèsí wí, "ẹ ó máa wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́!"

Ìyá fi ìborùn wérí padà kíá.

Aránṣọ ti sọ àpótí kalẹ̀. "Ẹ dà á nù?"

"Mo dà á nù," ni ọkọ rẹ̀ fèsì, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Gbogbo ẹ̀?"

Ó gbé garawa sókè, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbọ̀n ọ́n, kò sí ẹ̀kán kan. Ẹ̀rín pa obìnrin náà débi pé ògiri ló gbá mú. Káfíńtà gbé àpótí ìyàwó rẹ̀ sí èjìká, ó kọjú sí ọ̀nà ilé.

Omi ti ṣàn yí ìtẹ́ ká báyìí. Kábíyèsí ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè sórí tìmùtìmù.

"Níbo lẹ̀yin méjì ń lọ? Ẹ sọ àpótí kalẹ̀. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí yóò bá mi fọ ilẹ̀ ààfin yìí lọ́fẹ̀ẹ́."

Ìyá ìyàwó nìkan ló pàtẹ́wọ́.