Ẹsẹ̀ Ṣówándé Wọ Bàtà

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ wa lánàá tí a kò mọ̀ bóyá ká sunkún ni tàbí ká fọwọ́ bo ẹnu. Abà Ṣówándé ni abà wa, lẹ́yìn Ìbàfò, níbi tí àwọn ẹ́síteètì ti yí wa ká bí omi. Ohun àtijọ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù fún wa: ipa ẹsẹ̀ Ṣówándé, baba tó tẹ abà náà dó, lórí àpáta.

Ìyá Ọ̀ṣunníkẹ́, àgbà ìdílé Ṣówándé, ló pe ẹjọ́. Bólúwadúró bíríkìlà ló pè lẹ́jọ́, ẹni tí a fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé abà.

"Baálẹ̀, mo kúnlẹ̀," ni Ìyá wí. "Kò sí ọmọbìnrin ilé wa tó lọ ilé ọkọ láìkọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ẹsẹ̀ Ṣówándé. Ìyá mi ṣe é. Èmi náà ṣe é. Sátidé yìí ló kan Morádéyọ̀, ọmọ ọmọ mi. Mo ní kí n lọ gbá ibẹ̀, bàtà ni mo bá."

"Bàtà ta ni?"

"Ipa bàtà nínú sìmẹ́ńtì ni, Baálẹ̀. Ó ní eyín lábẹ́. Ó ní nọ́ńbà: mẹ́tàlélógójì."

Balógun, tó jókòó ti Baálẹ̀, wo ilẹ̀. Ó ń gbé ẹ̀rín mì.

Bólúwadúró dọ̀bálẹ̀, ó dìde. Bàtà òjò dúdú wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ rán mi níṣẹ́, Bàbá. Ẹ ní òjò ń jẹ ẹ́, kí n tọ́jú rẹ̀ kó má parẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo da sìmẹ́ńtì sí i. Sìmẹ́ńtì tí èmi bá pò, títí Jésù á fi dé ni."

"Bàtà wá ńkọ́?"

"Nígbà tí mo dà á tán, ihò náà dí. Mo ní, ẹsẹ̀ ti lọ nìyí. Mo bá fi tèmi rọ́pò."

"Pẹ̀lú bàtà?"

"Sìmẹ́ńtì tútù máa ń jẹ ẹran ara, Bàbá."

"Ẹ gbọ́ ọ," ni Ìyá wí. "Ó mọ ẹsẹ̀ tirẹ̀ tọ́jú."

"Ìyá, ẹ má bínú, tèmi dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ti tẹ́lẹ̀ ń yọ̀. Èyí ní eyín, ìyàwó ò lè ṣubú."

"Ìyàwó wo ló ṣubú rí? Ṣé inú bàtà rẹ ni kí ọmọ mi gbà lọ ilé ọkọ?"

Balógun gbójú sókè. "Ẹsẹ̀ wo lo tẹ̀ síbẹ̀?"

"Ọ̀tún ni, bàbá."

"Ti Ṣówándé ńkọ́?"

Bólúwadúró wo àjà. "Mi ò wo ìyẹn."

Baálẹ̀ pe ẹlẹ́rìí. Mubashir tó ń sin ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ dìde.

"Wàláhì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Ewúrẹ́ mi ló ń mu omi òjò inú rẹ̀."

"Ewúrẹ́ ló mu omi. Ìwọ, ṣé o rí i?"

"Omi máa ń kún un, Bàbá. Mi ò rí ìsàlẹ̀."

Tòún onídìrí kò jẹ́ kó jókòó tán. "Òsì ni o. Mo ní fọ́tò."

Ó na fóònù. Ojú Tòún ló kún fọ́tò náà. Lẹ́yìn etí rẹ̀ ni ìka ẹsẹ̀ kan ti ń yọjú.

"Ìka wo lèyí?" ni Baálẹ̀ béèrè.

"Ọmọńdinrín."

"Àtàǹpàkò ni," ni Mubashir wí.

"Ṣebí o ní omi ò jẹ́ kó o rí i?"

Balógun rọra yíjú sí Baálẹ̀. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá? Ọ̀tún ni àbí òsì?"

Baálẹ̀ wúkọ́. Ó béèrè omi. Ó pẹ́ kó tó mu ún tán.

"Òsì ni," ni Ìyá wí. "Àtàǹpàkò rẹ̀ yà sọ́tọ̀. Ọdún kejìdínlọ́gọ́ta rèé tí mo dúró nínú rẹ̀. Mi ò wo ilẹ̀, omijé ò jẹ́ kí n ríran. Ẹsẹ̀ mi ló mọ̀ ọ́n."

Baálẹ̀ gbé ife sílẹ̀.

"Bólúwadúró, bọ́ bàtà."

"Bàbá?"

"Mósè rí iná nínú igbó, ó bọ́ tirẹ̀. Ìwọ wọ tìrẹ wọ inú ẹsẹ̀ baba wa."

Ó bọ́ ọ. Wọ́n tì í sábẹ́ àga Baálẹ̀.

"Ṣíbí ìmùkọ àti omi ni wàá fi yọ sìmẹ́ńtì náà. Òòlù ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ìyá á jókòó tì ọ́. Ẹsẹ̀ wọn ni yóò sọ ìgbà tó bá tó. Títí di ìgbà náà, ẹsẹ̀ lásán ni wàá máa rìn, torí Ṣówándé kò ní bàtà. Bí kò bá yọ di Sátidé, wàá na ẹsẹ̀ tìrẹ sílẹ̀ kí Morádéyọ̀ dúró lé e. O di baba ńlá rẹ̀ nìyẹn. Ìjàkíjà tó bá bá ọkọ rẹ̀ jà, ilé rẹ ni wọn yóò máa gbé e wá."

"Bàbá, yàrá kan ṣoṣo ni mo ní."

"Abẹ́ igi ni Ṣówándé kọ́kọ́ sùn. Àwa tí a kò sì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, àwa la ó máa pọnmi fún ọ. Balógun, ẹ̀yin lẹ ni àárọ̀."

"Ta ló ni ìrọ̀lẹ́, Bàbá?"

Baálẹ̀ tún wúkọ́. "Èmi ni."

Mo gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí. Bólúwadúró wà lórí orúnkún. Mi ò rí i kó kúnlẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Balógun gbé korobá dání. Sìmẹ́ńtì tí yóò dúró títí Jésù á fi dé ti ń gbọ́ ti ṣíbí: ìka márààrún ti yọ. Ìyá dá orin tó ń kọ dúró, ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ òsì sínú ihò náà, ó sì pa ojú dé.

"Máa wà á lọ," ó ní. "Ó ku gìgísẹ̀."