Etí-Wúrà Gbọ́ Ohun Tí Kò Dún

Bí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn tó gbọ́n láyé, Etí-Wúrà ni yóò ṣáájú, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ka orúkọ ọ̀hún. Etí-Wúrà, ọkọ àwo orin! A-gbọ́-orin-kí-wọ́n-tó-kọ-ọ́! A-dijú-pin-bí-ẹni-tí-wọ́n-fẹ́-gún-lábẹ́rẹ́! Etí méjì bíi ti gbogbo wa náà ló ní, àmọ́ bó ṣe ń gbé wọn kiri, ẹ ó rò pé ààfin ló ti yá wọn.

Kò mọ ìlù ún lù, kò mọ orin ín kọ, kò sì mọ ijó ó jó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó jókòó sórí àga onítìmùtìmù ní ilé ìtajà Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, kí ó máa dájọ́ àwọn àwo tuntun. Orin abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀, háòsì àti dọ́ọ̀bù tẹ́kínò, irú èyí tí rédíò kì í fi sí i, tí ìlù rẹ̀ ń rọra lọ nísàlẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ń lọ tó ń padà wá, bí ẹni tó pariwo sínú kànga. Bí Etí-Wúrà bá ní "Ó jinlẹ̀," àwo á tà. Bó bá ní "Kò jinlẹ̀," kí olúwarẹ̀ tètè fi àwo rẹ̀ dé ìkòkò.

"Ó jinlẹ̀" yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Ogún ẹyọ àwo ni olórin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé lọ sílé rẹ̀. "Etí náà ń jẹun," ló máa ń wí. Yóò kó wọn pamọ́ sí yàrá, yóò dúró títí ti ṣọ́ọ̀bù á fi tán, yóò wá máa tà wọ́n ní ọ̀wọ́n gógó fún ẹni tí kò rí rà.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù mọ̀, ó dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló dá ibẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni òun fúnra rẹ̀ ti ń fi àwo sábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ bí oníbàárà bá bi í pé báwo lorin yìí, á ní, "Ẹ jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n dé ná." Etí ara rẹ̀ ń tì í lójú.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí Oní-fíríìjì gbé àwo tirẹ̀ wá. Ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe ní òdìkejì títì ni. Ọdún méjì ló fi gba ohùn ẹ́ńjìnnì fíríìjì sílẹ̀, èyí tó ń kùn àti èyí tó ń wúkọ́, tó fi ìlù sí i. Ó ta alùpùpù rẹ̀ kí wọ́n tó bá a tẹ ọ̀ọ́dúnrún ẹyọ. Kò sì sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn tó ń ta irú rẹ̀. Bí kò bá wọ ibí yìí, ẹsẹ̀ ni yóò máa fi rìn, àwo ni yóò máa fi ṣe ìrọ̀rí.

"Ogún mi dà?" Etí-Wúrà bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bó bá dùn mọ́ yín, kí ẹ ra ẹyọ kan."

"Kí n rà?" Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n bú bàbá ẹ̀. "Èmi? Ó dáa. Ká pàdé lọ́sàn-án Sátidé."

Lọ́sàn-án Sátidé ni wọ́n máa ń gbọ́ àwo tuntun ní gbangba. Ogójì èèyàn ló fún ara wọn sínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Etí-Wúrà wọ dúdú látòkè délẹ̀, ó sì fi awò dúdú sójú nínú ilé. Ó gba àwo Oní-fíríìjì, ó gbóòórùn páálí rẹ̀, ó dá a padà.

"Kò jinlẹ̀."

"Ẹ ò tíì fi í sí i, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ó dìgbà tí mo bá jẹ ẹyin tó bàjẹ́ tán kí n tó mọ̀? Ariwo fíríìjì ni. Bó bá wù mí kí n gbọ́ fíríìjì, mo ní ọ̀kan nílé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n. Oní-fíríìjì lọ jókòó sórí páálí ńlá tó kó àwọn àwo rẹ̀ sí. Inú Ìyá Ṣọ́ọ̀bù bàjẹ́. Òun nìkan ló ti gbọ́ àwo náà lánàá. Ó dùn débi pé tíì tutù sí i lọ́wọ́. Àmọ́ kò lè sọ ọ́.

Etí-Wúrà wá fa àwo tirẹ̀ yọ. "Ẹyọ mẹ́wàá péré ni wọ́n tẹ̀ lágbàáyé. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹni bá fẹ́ rà, kó yáa tètè sọ." Ojú wọn níbẹ̀ ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, ó gbé e fún Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, ó dijú.

Orin kan lọ fún ìṣẹ́jú méje. Ó dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà: ṣẹ̀ẹ̀, tọ́. Ṣẹ̀ẹ̀, tọ́.

Etí-Wúrà na ìka sókè. "Orin kejì ti wọlé! Ẹ gbọ́ bó ṣe kó gbogbo ẹrù kúrò nílé, tó wá ku ògiri! Háà, ìjìnlẹ̀ rèé! Ìlù yẹn, tọ́! Kò yára, kò falẹ̀!"

Akọ̀wé báńkì kan mi orí títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́. Olùkọ́ kan nu omijé.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù dúró ti ẹ̀rọ. Ohùn yìí ló ń pè é jáde láti yàrá ẹ̀yìn lójoojúmọ́ kó wá gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti nà lọ, ó yára fà á padà. Ṣé ogójì èèyàn ló dití, àbí etí tirẹ̀ ni kò jinlẹ̀? Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kọjá. Ṣẹ̀ẹ̀, tọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni tolóhun. Oní-fíríìjì dìde lórí páálí.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti tán."

"Kí ló ti tán?"

"Orin. Ó ti tán tipẹ́. Abẹ́rẹ́ ló ń ha ìparí àwo. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú."

"Ẹ gbọ́ aláìmọ̀kan! Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, ẹ sọ fún un! Ẹ sọ fún un pé orin ń lọ lọ́wọ́!"

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Ṣọ́ọ̀bù. Ó wo páálí tó wà lẹ́sẹ̀ Oní-fíríìjì, ó gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó pa ẹ̀rọ. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, bí ọmọlúàbí.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí ńkọ́? Ó jinlẹ̀ àbí kò jinlẹ̀?"

Ẹ̀rín bú jáde. "Mo ń dán yín wò ni!" Etí-Wúrà pariwo. "Ẹ dá omijé mi padà!" olùkọ́ náà dáhùn. Kí Etí-Wúrà tó kó àpò rẹ̀ tán, Ìyá Ṣọ́ọ̀bù ti fi àwo Oní-fíríìjì sí i. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kíkùn ẹ́ńjìnnì gba ilẹ̀ kan, ijó bẹ̀rẹ̀, Etí-Wúrà sì ń bẹ àwọn oníjó pé kí wọ́n jọ̀ọ́ yà fún òun kí òun rí ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà, bí oníbàárà bá bi Ìyá Ṣọ́ọ̀bù pé báwo lorin yìí, á ní, "Ó dùn. Mo gbọ́ ọ fúnra mi." Kò sẹ́ni tó gbé ogún lọ sílé ẹnì kankan mọ́.

Oṣù kejì, ẹran jẹrà mọ́ Etí-Wúrà lọ́wọ́. Ó rá pálá kọjá títì lọ́sàn-án gangan, ó dúró níwájú Oní-fíríìjì àti àwọn oníbàárà rẹ̀.

"Fíríìjì mi dákẹ́ ni."

Oní-fíríìjì gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. "Ṣé ó dá yín lójú, Ẹ̀gbọ́n? Àbí orin kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé?"