Ìbọn Onírin àti Ìborí Mi Tuntun

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi sin mí: ọjọ́ Sátidé tí ìbọn tí mo fowó ara mi rà gbá ìborí mi mú lójú gbogbo ẹgbẹ́, tí mo sì dúró síbẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́gi.

Kí ẹ má baà rò pé mo ti di adigunjalè ní Peckham nílùú òyìnbó níbí, ẹ jẹ́ kí n yára ṣàlàyé. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni mò ń wí, irú èyí tí wọ́n fi ń yin páálí nínú gbọ̀ngàn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Bọ̀ọ̀dá Ràsákì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló mú mi wọ ẹgbẹ́ ayìnbọn kan nítòsí Camberwell. Nọ́ọ̀sì ni mí, ara mi kì í tètè balẹ̀ tí mo bá ti shift dé. Bọ̀ọ̀dá ní bí èèyàn bá gbé ìbọn dání tó ń wo àárín páálí, kò ní ráyè ronú nǹkan mìíràn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò pẹ́ tí mo fi ń fi ìbọn ẹgbẹ́ lu ibi dúdú àárín páálí bí ẹni ń fi ìka kàn án, orí mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo ní ó tó àkókò kí n ní tèmi.

Ọmọ mi obìnrin, Síkírá, ni kò fara mọ́ ọn. Peckham yìí la bí i sí.

Ó ní, "Mummy, mo mọ àwọn tí wọ́n ti kú nítorí ìbọn níbí. Ẹ wá fẹ́ gbé òmíràn wọlé? It's not funny, honestly."

Kò parọ́. Mo ṣèlérí pé inú àpótí tí mo bá tì ni yóò máa wà, kò sì ní jáde àfi tí mo bá ń lọ sí ẹgbẹ́. Mo tún ní kó wá wò mí níbi ìdíje àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìbọn yíyìn. Bí ohun tó bá rí níbẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, màá ta ìbọn náà. Ó gbà.

Bọ̀ọ̀dá Ràsákì ló sìn mí lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Owó overtime ni mo kó dání, kò pọ̀, kò sì kéré. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ìbọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n ṣe bí irú ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ tí àwọn ọ̀gá ṣọ́jà máa ń fi sí ìbàdí, èyí tó ń ti ọta sẹ́nu fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ṣe ń yìn ín. Ọkùnrin tó ń tà á gbé méjì kalẹ̀. Èkíní fúyẹ́, ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì lẹ́wà rárá. Èkejì jẹ́ ògidì irin, ó dúdú, ó ń dán, igi pupa ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀. Iye owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bọ̀ọ̀dá ní kí n na àwọn méjèèjì síwájú, kí n wo èyí tí kò bá mì.

"Ìyàwó, jẹ́ kí ọwọ́ rẹ yàn án. Má fi ojú yàn án."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọwọ́ tó ń yí aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìbọn wo ló fẹ́ wúwo fún un? Mo ra onírin. Bí mo ṣe gbé e sínú báàgì wọ bọ́ọ̀sì, ńṣe ni mo jókòó gáńgán bí ìyàwó ọ̀gágun.

Ilé ni nǹkan ti kọ́kọ́ yíwọ́. Agolo gáàsì kékeré kan ló ń fún un lágbára, ìdí ìbọn ni wọ́n sì ń ki í sí. Mi ò dè é dáadáa, ló bá hó ṣààà bí ejò. Mo jù ú sórí àga, mo sá wọ balùwẹ̀, mo tilẹ̀kùn. Síkírá wá kan ilẹ̀kùn, ó ní òun rò pé èmi ni mo ni ìbọn. Nígbà tí mo tún fìgboyà nà án síwájú láìsí ọta nínú rẹ̀, ẹnu ìbọn ń jó sọ́tùn-ún sósì. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé gbígbé aláìsàn yàtọ̀ sí kí èèyàn na apá kan kó dúró bí òpó iná. Ṣé màá wá lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Bọ̀ọ̀dá? Ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọjọ́ ìdíje pé. Mo wé ìborí tuntun, sílíìkì aláwọ̀ ewé tó gùn dé àyà. Síkírá jókòó sẹ́yìn, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Bí mo ṣe ń kó ọta, ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ọta róbótó-róbótó fọ́n ká ilẹ̀. Bọ̀ọ̀dá, tí wọ́n ń darí ìdíje, dá gbogbo èèyàn dúró. Ni àwọn àgbà òyìnbó bá kúnlẹ̀, wọ́n ń ṣà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, èmi náà ń bẹ̀bẹ̀ kiri.

Wọ́n ní ká múra. Kí ìbọn mi tó ṣeé yìn, mo gbọ́dọ̀ fa irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn kí n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Irin náà le. Mo sún un mọ́ àyà, mo fi gbogbo agbára fà á, mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó ṣe padà dé báyìí, etí ìborí mi ló gbé mì. Mo fẹ́ gbé orí sókè, kò gbé. Mo fẹ́ na ìbọn síwájú, orí mi tẹ̀ lé e. Òfin sì ni pé ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ kúrò lápá ibi tí páálí wà, nítorí náà mi ò lè yíjú wá ẹni tó máa gbà mí. Mo fi ohùn kékeré pe Bọ̀ọ̀dá.

Wọ́n gbìyànjú láti fa irin náà padà, aṣọ ti wé mọ́ inú rẹ̀. Wọ́n rọra bi mí bóyá mo lè tú ìborí náà. Mo ronú àwọn ọkùnrin tó kún ibẹ̀, mo ní kò ṣeé ṣe. Bọ̀ọ̀dá ní kí wọ́n mú sísọ́ọ̀sì wá. Inú ọkàn mi ni mo ti gbọ́ ìró bó ṣe ń gé sílíìkì náà. Nígbà tí orí mi bọ́, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ti Síkírá ló sì rinlẹ̀ jù. Mo wá báàgì mi kí n máa lọ.

Bọ̀ọ̀dá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òfin fàyè gba kí èèyàn pààrọ̀ ìbọn tó bá há, wọ́n sì fi èyí tó fúyẹ́, ti ẹgbẹ́, lé mi lọ́wọ́.

"Ìyàwó, wọn ò tíì rí ohun tí o lè ṣe. Dúró kí wọ́n rí i."

Mo dúró. Ọwọ́ mi pa rọ́rọ́. Mo yìn ín, mo tún yìn ín, mi ò sì gbọ́ ẹ̀rín ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí wọ́n ka páálí wa, ipò kejì ni mo gbà, ìborí mi sì rí bí èyí tí eku jẹ.

Síkírá wá, ó gba páálí náà, ó ti ìka bọ ihò àárín rẹ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?" Mo ní èmi ni. Ó ní kí n má fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, àmọ́ ó bẹ̀ mí pé kí n lọ pààrọ̀ ìbọn yẹn.

Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo sì pàdánù díẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí mò ń lò báyìí kò dán, kò sì ní igi pupa nídìí, ṣùgbọ́n ó gbọ́ tèmi. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wu ojú ni ọwọ́ lè gbé. Ọmọ aráyé ìbá sọ fún mi títí, mi ò ní gbà, àfi ìgbà tí sísọ́ọ̀sì dé ọrùn mi.

Fídíò ọjọ́ náà ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo obìnrin mọ́ṣáláṣí wa. Tí wọ́n bá ti gbé e jáde, wọn a rẹ́rìn-ín, èmi náà a rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pa á lẹ́yìn ibi tí orí mi ti há, èmi ni màá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo máa ń ní, "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dé òpin."