Ọ̀ọ́dúnrún Ràkúnmí Nínú Ṣọ́ọ̀bù Àlàájà

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ohun tí ojú mi rí nílẹ̀ Sáúdí, mi ò lè gbàgbé ọ̀sán tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan wọ ṣọ́ọ̀bù wá, tó ní kí n kó ràkúnmí jáde. Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé o. Àwọn tó bá mi gbé Mẹ́kà nígbà náà ni kò jẹ́. Títí di òní, bí a bá pàdé níbi ìsìnkú, wọ́n á kọ́kọ́ ṣàdúrà fún òkú, wọ́n á wá yíjú sí mi: "Alfa, àwọn ẹran ọ̀sìn ńkọ́?"

Ọdún tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Sáúdí ni, nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ. Mò ń kọ́ òfin Ìsìláàmù ní yunifásítì tó wà ní Abidíyà, ní Mẹ́kà, mo sì ń gbé àdúgbò Rusaífà pẹ̀lú àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn. Ohun tí mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà kò ju èyí tí mo kọ́ nílé dókítà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣiṣẹ́ ní Jẹ́dà. Mo lè tàn án, mo lè pa á, mo sì lè fi ìka kan ṣoṣo tẹ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti padà dé Rusaífà, ẹni tó bá gbọ́ ẹnu mi á ṣebí èmi ni mo rọ kọ̀ǹpútà náà.

Ìròyìn yìí dé etí Àlàájà Sìkírátù. Opó ni. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n láti Ìwó ni bàbá rẹ̀ ti wá ṣe Hájì tí kò padà sílé mọ́. Ọkọ rẹ̀, tó ti di ọmọ onílùú níbẹ̀, fi ṣọ́ọ̀bù kan sílẹ̀ fún un ní àdúgbò Utaybíyà, níbi tó ti ń ta aṣọ àti ẹní ìkírun lọ́pọ̀ fún àwọn tó ń tà á fún àlejò Hájì. Mo máa ń lọ bá a gbé ẹrù lẹ́yìn kíláàsì, nítorí obìnrin náà láàánú, ọbẹ̀ rẹ̀ sì dùn.

Lọ́dọọdún, oníṣòwò gbọ́dọ̀ kọ ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti èrè tó jẹ ránṣẹ́ sí ìjọba, kí wọ́n lè ṣírò sáká, ìtọrẹ ọ̀ranyàn Ìsìláàmù, tó máa san. Bó bá san án tán, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí yìí, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Àbúrò ọkọ rẹ̀, Àlàájì Múfútáù, ló ń bá a gbé e lọ fún akáúńtáǹtì ní Jẹ́dà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún yẹn, ó kọ̀. Ó ní iṣẹ́ ọkùnrin ni ṣọ́ọ̀bù, kí Àlàájà yáa tà á fún òun kí Hájì tó dé. Akáúńtáǹtì wá ránṣẹ́ pé bí Àlàájà bá rí ẹni tó mọ íńtánẹ́ẹ̀tì lò, kí ó gba ibẹ̀ fi í ránṣẹ́, òun á gbé e dé ọ̀dọ̀ ìjọba.

"Alfa," Àlàájà pè mí, "wọ́n ní o mọ kọ̀ǹpútà."

Ibi tó yẹ kí n ti sọ pé "díẹ̀díẹ̀ ni," ẹnu mi ti ṣáájú ọgbọ́n mi. "Àlàájà, bí ẹni ń jẹ̀kọ ni."

"Ọmọ mi, má fi mí ṣeré o. Bí Àlàájì bá gba ṣọ́ọ̀bù yìí, inú ilé ni mo máa jókòó sí, tí màá máa wo ògiri."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Ní Ọjọ́bọ̀ tí kò sí kíláàsì, mo wọkọ̀ lọ sí Jẹ́dà. Dókítà tan kọ̀ǹpútà fún mi, ó sì lọ sùn, nítorí ó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ojú wáyà tẹlifóònù ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà nígbà náà. Bí mo bá ti wọlé báyìí, ìyàwó Dókítà á gbé tẹlifóònù láti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ohun gbogbo á sì já. Á ní, "Ẹ má bínú, Alfa, mo gbàgbé ni." Tó bá ṣe díẹ̀, á tún gbàgbé. Pẹ̀lúpẹ̀lù, bébà tí wọ́n fi lẹ àwọn létà Lárúbáwá mọ́ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ti ń ṣí kúrò. Mò ń wá létà bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Mo fẹ́ kọ ọ́ pé títa ọjà lọ́pọ̀ ni òwò wa, èyí tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní júmúlà. Mo rí gbogbo létà rẹ̀ àfi èyí tó gbẹ̀yìn, létà róbótó kékeré tó ní àmì méjì lórí. Mo wá a títí ojú ń ta mí. Mo tún gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó Dókítà tó ń bọ̀ nídìí tẹlifóònù. Mo ní létà kan kò lè da ilé rú. Àwọn Lárúbáwá ló kúkú ni èdè wọn, wọ́n á mọ ohun tí mò ń sọ. Mo fò ó. Mo fi í ránṣẹ́.

Mo padà dé Utaybíyà bí ẹni tó ti ogun dé. Àlàájà se adìẹ fún mi. Itan méjèèjì ni mo jẹ.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ọkùnrin kan tó gbé báàgì sábẹ́ apá wọlé lẹ́yìn ìrun Àsárì. Àlàájà wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó ṣì ń kírun lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ní láti ọ́fíìsì sáká lòun ti wá. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá ní kí n fi jìmáàlì han òun. Jàmáàlì ni mo gbọ́, èyí tó túmọ̀ sí ẹwà. Mo rò ó pé ó fẹ́ ra ohun tó rẹwà fún ìyàwó rẹ̀ nílé ni.

"Ó pọ̀ níbí," mo fi Lárúbáwá ilé-ìwé mi dá a lóhùn.

"Níbo?"

"Lórí pákó yẹn. A máa ń ká wọn ká tó tò wọ́n."

Ó wo pákó, ó wò mí. "Ẹ máa ń ká wọn?"

"Méjìméjì, kí wọ́n má baà gba àyè. Àwọn tó fẹ̀ jù wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

"Báwo ni wọ́n ṣe gun òkè?"

"Èmi ni mo rù wọ́n." Mo tilẹ̀ gbé àyà sókè.

Ọkùnrin náà sún sẹ́yìn díẹ̀. "Kí ni wọ́n wá ń jẹ níbẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni ara fu mí. Ẹwà wo ló ń jẹun?

Ó fa ìwé tí mo fi ránṣẹ́ yọ. Kí n tó kà á dé ìdajì, òógùn ti bò mí. Nínú kíkọ Lárúbáwá, bí èèyàn bá yọ létà tó gbẹ̀yìn yẹn kúrò lára júmúlà, jámálù ló kù. Ràkúnmí. Jìmáàlì tó sì ń bèèrè, àwọn ràkúnmí ni. Gbogbo ìdì aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájà, èmi ọmọ ilé-ìwé òfin, mo ti sọ wọ́n di ọ̀ọ́dúnrún ràkúnmí. Akáúńtáǹtì kò bá mi jiyàn. Ó ṣebí Àlàájà ti di olówó ni. Sáká ẹran ọ̀sìn sì yàtọ̀ sí sáká ọjà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, mo ti yege nínú ìdánwò rẹ̀.

"Ràkúnmí kẹ̀?"

Àlàájì Múfútáù ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá wò ó bóyá Àlàájà ti ṣe tán láti ta ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ ń dán. "Ṣé ẹ̀gbọ́n mi tó kú ní ràkúnmí ni?"

"Ọ̀ọ́dúnrún," òṣìṣẹ́ ìjọba dá a lóhùn.

Àlàájà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde bọ̀ láti yàrá ẹ̀yìn. Àlàájì kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa. "Àlàájà, ẹ fi odidi ọ̀ọ́dúnrún ràkúnmí pamọ́ fún mi, ẹ sì ń sọ fún mi pé ọjà ò tà!"

"Ràkúnmí wo? Àlàájì, ṣé ara yín yá?"

Àlàájì ti kọjú sí òṣìṣẹ́ ìjọba. "Ọ̀gá, mo mọ àwọn ràkúnmí yẹn! Ogún ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìpín tèmi wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura."

Òṣìṣẹ́ ìjọba yọ bírò. "O mọ̀ wọ́n? Ó dára. A ò tíì gba sáká wọn rí. Ẹni tó bá ní ìpín níbẹ̀ ló máa bá wọn san ti gbogbo ọdún tó ti kọjá. Kí lorúkọ rẹ?"

Àlàájì wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Orúkọ ta? Ọ̀gá, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n ò fojú kan ràkúnmí rí."

Ní Mẹ́kà!

Àlàájà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé ìdì aṣọ. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ létà tí mo fò, àti pé mi ò mọ kọ̀ǹpútà bí mo ṣe ń pariwo rẹ̀ kiri. Òṣìṣẹ́ ìjọba tún ìwé náà kà, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nu omijé ẹ̀rín.

"Yunifásítì wa níbí lo sì wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọlọ́run á ràn wá lọ́wọ́."

Ó fún wa ní ìwé tuntun. Àlàájà ń pe ọjà, èmi ń kọ, òṣìṣẹ́ ìjọba ń wo ìdí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Nígbà tí a máa fi gbójú sókè, Àlàájì Múfútáù ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ títa ṣọ́ọ̀bù mọ́. Bó bá ń kọjá níwájú ibẹ̀, ṣe ló ń sáré.

Ìwé ẹ̀rí jáde kí àwọn àlejò tó dé, ọjà sì tà lọ́dún yẹn ju bí a ṣe rò lọ. Lẹ́yìn Hájì, Àlàájà ránṣẹ́ pè mí. Mo ti ń múra ìdágbére lọ́kàn.

"Alfa, íńtánẹ́ẹ̀tì yìí ò ní padà síbi tó ti wá," ló wí. "Lọ kọ́ ọ dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù máa san owó rẹ̀. Ẹni tó ṣubú níwájú mi, tó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ti ṣubú, mo lè bá a rìn."

Bí mo ṣe kọ́ kọ̀ǹpútà nìyẹn, lójú ọ̀nà tó tọ́. Kọ̀ǹpútà náà ló sì ń bọ́ mi lónìí ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń bá àwọn oníṣòwò fi ìwé owó orí ọjà ránṣẹ́ sí ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìtìjú "n ò mọ̀ ọ́n" kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ti "mo mọ̀ ọ́n" ló ń pẹ́ lára. Nítorí náà, kí n tó tẹ bọ́tìnnì tó gbẹ̀yìn, mo máa ń ka gbogbo rẹ̀ sókè, ẹ̀rín á sì gbé mi.

"Ẹ tún ti ń dá rẹ́rìn-ín?" ìyàwó mi á pariwo láti inú ilé ìdáná.

Màá ní owó orí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kò gbà mí gbọ́ rí. Ta ni owó orí ń pa lẹ́rìn-ín?