Ààbọ̀ Orí Tíṣà

Tíṣà tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́ ló jókòó sórí àga onígbàjámọ̀, aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì sinmi. Bàbá Ìbejì tó ń gẹ irun rẹ̀ wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti sá ní kíláàsì. Ó ń gba èébú bí ẹni ń gba ìkíni.

TÍṢÀ: Àwáwí yín ti sú mi! Télọ̀ ní abẹ́rẹ́ gún òun lọ́wọ́. Ṣé ọwọ́ la fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Rárá o, sà.

TÍṢÀ: Wẹ́dà ní orí ń fọ́ òun. Orí wo? Ìyá aláṣọ ní òun ń retí àlejò. Láti ìgbà wo? Àbí ẹsẹ̀ ni àlejò náà fi ń rìn bọ̀ láti òkè òkun?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Ẹ má mi orí, sà. Apá òsì ni mo wà.

TÍṢÀ: Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni tiyín?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Iṣẹ́ ni, sà. Bí orí bá ti wà lórí àga…

TÍṢÀ: Ẹ ń wá orí olórí kiri, ẹ gbàgbé tiyín! Àgùntàn gan-an mọ ìgbà tó yẹ kó wọlé.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Àgùntàn ò ní oníbàárà, sà.

TÍṢÀ: Ẹ gbọ́ òfin mi! Bí agogo kíláàsì bá ti dún, ohun yòówù tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ jù ú sílẹ̀ níbi tó bá dé. Iṣẹ́ ò lè sá lọ. Ẹni tó bá pẹ́, iwájú pátákó ni yóò dúró sí. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dé fìlà wọlé.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Níbi tó bá dé?

TÍṢÀ: Níbi tó bá dé! Pàápàá lónìí. Ọ̀gá tó ń náwó sí kíláàsì náà ń bọ̀. Bó bá bá àga òfìfo, ó ní òun á ti kíláàsì náà pa. Ibi tí mo ti ń jẹun nìyẹn, Bàbá Ìbejì!

*(Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀.)*

TÍṢÀ: Kí ló tilẹ̀ lé yín? Ẹ ń gbìyànjú tẹ́lẹ̀.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Ọjọ́ tí mo dìde kàwé, mo ṣì í kà. Ẹ mú mi lọ síwájú pátákó, ẹ ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òpè, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àna mi wà níjòókó ẹ̀yìn, sà. Ẹni tó fọmọ ẹ̀ fún mi! Ojú tì mí dé egungun.

TÍṢÀ: Ṣebí ẹ̀rín lásán ni! Ẹ̀rín kì í pa èèyàn.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Kì í pa èèyàn, sà.

*(Agogo kíláàsì dún ní òdìkejì títì. Bàbá Ìbejì pa kílípà, ó gbé e sílẹ̀, ó ń nu ọwọ́.)*

TÍṢÀ: Kí ló dé?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Agogo ti dún, sà. Mo jù ú sílẹ̀ níbi tó dé.

*(Tíṣà wo dígí. Apá òsì ń dán, apá ọ̀tún kún bí igbó.)*

TÍṢÀ: Yéè! Ààbọ̀ lẹ gẹ!

BÀBÁ ÌBEJÌ: Iṣẹ́ ò lè sá lọ. Orí yín ni; ibi tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ jọ ń lọ ni.

TÍṢÀ: Ẹ tètè parí ẹ̀!

BÀBÁ ÌBEJÌ: Kí n wá pẹ́? Kí n tún lọ dúró síwájú pátákó?

TÍṢÀ: Ẹ yá mi ní fìlà!

BÀBÁ ÌBEJÌ: Fìlà kẹ̀? Nínú kíláàsì yín?

TÍṢÀ: Ẹ bá mi sọ fún wọn pé… pé orí ń fọ́ mi.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Apá wo nínú ẹ̀, sà?

TÍṢÀ: Ẹ ní mò ń retí àlejò!

BÀBÁ ÌBEJÌ: *(Ó yọjú lójú fèrèsé.)* Ó ti dé. Ọ̀gá yín ló ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò yẹn. Ẹ wo télọ̀. Ẹ wo wẹ́dà. Ìyá aláṣọ náà rèé, àti àna mi. Gbogbo àga ló máa kún lónìí, sà. Tíṣà nìkan ni ò tíì dé.

TÍṢÀ: Gbogbo wọn? Ta ló kó wọn jáde?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Èmi ni. Àárọ̀ tẹ́ ẹ ti ní ẹ ń bọ̀ wá gẹrun ni mo ti ránṣẹ́ sí wọn, pé kí wọ́n má ṣàìwá, Tíṣà ní ohun tó fẹ́ fi hàn wọ́n.

*(Tíṣà di orí mú lọ́wọ́ méjèèjì.)*

TÍṢÀ: Bàbá Ìbejì, ẹ forí jì mí. Mo dójú tì yín níwájú àna yín, kò dáa. N ò ní ṣe é sí ẹnikẹ́ni mọ́.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Mo ti gbọ́, sà. Ó ti tán nínú mi.

TÍṢÀ: Ẹ ṣeun! Ó yá, ẹ wá gẹ apá kejì.

BÀBÁ ÌBEJÌ: *(Ó gbé ìwé rẹ̀ há abíyá, ó ṣílẹ̀kùn fún un.)* Háà, sà! Ṣé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n tún wá wo apá kejì lọ́la ni?