Ọmọ Ajá Tí Télọ̀ Wọ̀n

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń mirí, tí ẹ ó ní "Ìyá ajá là ń wò ká tó wọn ọmọ rẹ̀," ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ẹni tó kó wa sínú òwe yẹn? Ẹ má wulẹ̀ da àwọn baba ńlá wa láàmú. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọmọ ìyá mi gan-an, Oyèníran télọ̀, ní Ìwó níbí. Ẹ jẹ́ kí n rọra jókòó kí n tó sọ ọ́, torí bí mo bá sọ ọ́ lóòró, inú á tún bí mi.

Ọgbọ̀n ọdún ni Bọ̀ọ̀dá Oyèníran ti ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé. Ẹ sì mọ bí àwọn télọ̀ wa ṣe ń ṣe é: wọn kì í rán aṣọ tó bá ọmọ mu lónìí. Wọn á ká etí rẹ̀ sínú, ìka mẹ́ta, ìka mẹ́rin, kí wọ́n lè máa tú u bí ọmọ bá ṣe ń ga. Bọ̀ọ̀dá wá gbà pé kò sí ohun abẹ̀mí tí òun kò lè fi téèpù kàn kí òun sọ bó ṣe máa tó lẹ́ẹ̀míì.

Òun àti ìyàwó rẹ̀, Morádéyọ̀, ló jọ lọ gbé ọmọ ajá wá láti Ẹdẹ. Ẹni tó fún wọn sọ pé ajá òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Yọ́kì ni, èyí tí kì í ju ológbò lọ. Nǹkan náà kéré débi pé inú ife tíì ló sùn sí dé ilé. Màmá Wúràọlá, onílé wọn, bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Oyèníran, o mọ̀ pé ajá ti gé mi jẹ rí. Mi ò fẹ́ ajá ńlá nílé mi."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Yọ́kì ni."

"Báwo ni yóò ṣe ga tó tó bá dàgbà?"

Bọ̀ọ̀dá fa téèpù yọ lọ́rùn. Ó wọn ẹsẹ̀ ajá, ó wọn ẹ̀yìn rẹ̀, ó wọn ìrù. Ó fi ìka mẹ́rin kún un bí ẹni ń rán aṣọ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. "Kò ní dé ìdajì ojúgun yín."

"Ó dáa. Ọjọ́ tó bá kọjá orókùn mi, kí o kẹ́rù rẹ."

"Mo gbà, Màmá!"

Ta ló ní kó gbà? Inú ilé yẹn ni yàrá rẹ̀ wà, iwájú ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni gbogbo oníbàárà rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lé ohun tó ń sùn nínú ife.

Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí kùn pé ajá á tóbi. Ẹ mọ̀ pé orúkọ ajá la fi ń dá aládùúgbò lóhùn. Morádéyọ̀ bá sọ ajá ní Kòníjùbáyìí. Bọ̀ọ̀dá rán ẹ̀wù fún un, ó ká etí rẹ̀ ní ìka mẹ́rin, ó ní títí ayé ni ajá á fi wọ̀ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tú ìka méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó tú ìyókù. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ó ti ń fi ègé yunifọ́ọ̀mù oríṣiríṣi lẹ̀ ẹ́, ajá wá dà bí iléèwé méjì tó ń jà.

"Bọ̀ọ̀dá," mo ní, "ajá yín ń ga o."

"Ó ń sanra ni."

"Sókè ló ń sanra sí?"

"Ìwọ kì í ṣe télọ̀."

Òótọ́ ni, èmi kì í ṣe télọ̀. Ojú lásán ni mo ní. Ojú náà sì ń rí i pé bí Morádéyọ̀ bá ti ké "Kòníjùbáyìí!" láàárọ̀, ohun tó ń sáré bọ̀ ń ta àga dànù.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó kan orókùn, ẹni tó ní làákàyè á lọ bẹ Màmá. Bọ̀ọ̀dá kọ̀. Ó ní bí ajá kò bá ṣeé rẹ̀ sílẹ̀, orókùn ṣeé gbé sókè. Ó lọ ra bàtà gogoro fún ìyá ẹni àádọ́rin ọdún!

"Màmá, ẹ máa wọ̀ ọ́ káàkiri ilé. Ó yẹ yín."

Màmá súre fún un títí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń di ògiri mú rìn nínú ilé ara rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá á wá rọra sọ sí mi létí pé, "O rí i? Ó ti tún ku ìka mẹ́ta." Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí.

Ní Sátidé kan, Màmá ń lọ sá aṣọ, bàtà yẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó figbe ta, ó di ohun tó sún mọ́ ọn jù mú. Kòníjùbáyìí ni. Ajá dúró gbọn-in, Màmá rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, kò ṣubú. Gbogbo wa sáré dé, à ń dúpẹ́. Ìgbà yẹn ni Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ohun tó dì mú. Ó bọ́ bàtà kan. Ó bọ́ èkejì. Ó dúró lórí ilẹ̀, ẹ̀yìn ajá ti kọjá orókùn rẹ̀.

"Oyèníran. Orókùn mi lo fi bàtà gbé sókè?"

Bọ̀ọ̀dá dọ̀bálẹ̀.

"Kí lo wò tí o fi ní kò ní dé ìdajì ojúgun mi?"

"Mo wọ̀n ọ́n ni, Màmá. Mo fi ìka mẹ́rin kún un."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò rí ìyá rẹ̀ níbẹ̀?"

Morádéyọ̀ ló rọra dáhùn. "A rí nǹkan kan tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ilé, Màmá. A rò pé àgbò Iléyá ni. Ọkọ mi tiẹ̀ bá wọn ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run gbà á."

Màmá kọjú sí Bọ̀ọ̀dá. "Ajá tó gbà mí kò ní lọ síbì kan. Morádéyọ̀ ló ń bọ́ ọ, kí òun náà dúró. Ìwọ tí o wọ̀n ọ́n, kẹ́rù rẹ. Ìyá ajá là ń wò ká tó wọn ọmọ rẹ̀!"

Mo bẹ Màmá títí, ó ní àdéhùn ni àdéhùn. Máṣìnì tí ẹ ń gbọ́ nínú pálọ̀ mi yẹn, ti Bọ̀ọ̀dá ni. Oṣù kẹjọ tó ti ń gbé lọ́dọ̀ mi rèé. Lánàá ló tún fa téèpù yọ sí ọmọbìnrin mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò, ó ní kò ní ga. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo pariwo mọ́ ọn pé, "Bọ̀ọ̀dá, ìyá ajá là ń wò ká tó wọn ọmọ rẹ̀!"

Ìyàwó mi sì wà nílé ìdáná. "Ta ni ìyá ajá?" ló bi mí, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọlé lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún un pé òwe ni, kì í ṣe èébú: ìyá ajá là ń wò ká tó wọn ọmọ rẹ̀.