Iyán Tí Kámẹ́rà Gún ní Òkè-Apá

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé iyán tí a ti gún kì í padà di iṣu? Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé inú odó ló ti wá, ẹ má gbà. Inú kámẹ́rà ni.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ Òkè-Apá pé àádọ́ta ọdún, Adégoróyè onífọ́tò ni wọ́n pè kó ya fọ́tò tí wọ́n máa gbé kọ́ sí gbọ̀ngàn. Màmá Àyọ̀ká ti fi ọgbọ̀n ọdún gbálẹ̀ ibẹ̀, kò sì sí nínú fọ́tò wọn kankan rí. Wọ́n ṣèlérí fún un pé lọ́tẹ̀ yìí, ó máa wà níbẹ̀.

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí a ṣe ń to èèyàn: Ọ̀gá Ọdẹ́yalé, olórí ilé-ẹ̀kọ́, àti àwọn tíṣà jókòó níwájú nínú ìmọ́lẹ̀, Màmá dúró lẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ ìbòòji igi máńgòrò.

Ìbídùn, ìyàwó Adégoróyè tí wọ́n jọ ń ya fọ́tò, pe ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá Ìbejì, RAW ni kí ẹ fi yà á o. Fọ́tò tí kámẹ́rà kò tíì fọwọ́ kàn nìyẹn, iṣu tútù ni, ohun tó bá wù wá la lè fi sè. JPEG yìí, kámẹ́rà ti gún un kó tó gbé e fún wa."

"RAW ń gba àyè jù nínú kámẹ́rà! Ogójì fọ́tò ni mo fẹ́ ya fún Ọ̀gá Ọdẹ́yalé nìkan."

Ó fi JPEG yà á. Nígbà tí wọ́n wò ó lórí kọ̀ǹpútà, Màmá dúdú bí èédú, eyín rẹ̀ nìkan ló hàn.

Màmá ní, "Ta ló gbé eyín kọ́ sára igi?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá." Adégoróyè fi kọ̀ǹpútà tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ó sì tọ́jú u pamọ́ síbẹ̀. Ojú Màmá di eérú, Ọ̀gá Ọdẹ́yalé funfun bí ẹ̀kọ. Ó dín ìmọ́lẹ̀ kù, ó tún un tọ́jú. Ó fi kún un, ó tọ́jú u. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀keje, ojú gbogbo wọn ti di igun mẹ́rin-mẹ́rin.

"Adégoróyè, èmi dà?" Ọ̀gá bèèrè.

"Ẹ̀yin nìyí, sà."

"Èyí tó dà bí búlọ́ọ̀kù yìí?"

"Rárá, sà. Búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni."

Ọ̀gá bínú. "Gbé ti àkọ́kọ́ wá, ká gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀! Ṣebí àwa yòókù hàn níbẹ̀."

Adégoróyè họrí. "Sà, orí àkọ́kọ́ yẹn náà ni mo ń tọ́jú gbogbo rẹ̀ sí. Àkọ́kọ́ ti parẹ́."

Ó di dandan kí wọ́n tún un yà. Ni Màmá bá lọ jókòó sórí àga Ọ̀gá. "Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ àyè. Bí ẹ̀yìn yẹn bá dáa fún mi, ó dáa fún yín."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀!" Àwọn tíṣà pàtẹ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó gbà láti jókòó àfi bí Màmá bá wà lórí àga yẹn. Bí Ọ̀gá Ọdẹ́yalé ṣe di ẹni abẹ́ máńgòrò nìyẹn.

Adégoróyè gbé kámẹ́rà sójú. Ohùn kan ké láti inú ìbòòji:

"Dúró! Ṣé RAW ni?"

"RAW ni, sà."

"Tún un wò!"

"RAW ni, sà!"

"Jẹ́ kí ìyàwó ẹ wò ó! Adégoróyè, mo bẹ̀ ọ́ ni o, iyán tí a ti gún kì í padà di iṣu!"